Ta Ló Pa Kòkòrò Inú Àwo Nusaiba?

Gbogbo kòkòrò náà ló kú pátá. Èyí tí wọ́n fi oògùn sí kú, èyí tí ẹnikẹ́ni ò fi nǹkan kan sí náà kú. Ikú kejì yìí ló sì fẹ́ lé Nusaiba kúrò nílé ẹ̀kọ́.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé bí kòkòrò bá kú nílé yín, ayọ̀ ni. Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà tí Alhaji Abdulkabir, bàbá Nusaiba, wá sílé ẹ̀gbọ́n mi ní Brays Oaks láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan lọ́dún 1997, tí Iléyá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Wọ́n jókòó bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, wọ́n ní, "Ùsáínì, wọ́n ti pa kòkòrò ọmọ mi." Ẹ̀gbọ́n mi sáré wọ kíṣìnnì lọ rẹ́rìn-ín tiẹ̀ níbẹ̀. Bùrọ̀dá Ùsáínì nìkan ni ò rẹ́rìn-ín.

Bùrọ̀dá Ùsáínì ni ọkọ ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni wọ́n ní Ìbàdàn kí wọ́n tó kó wá sí Houston, iṣẹ́ yẹn náà ni wọ́n sì ń ṣe níbí. Ní tèmi o, mi ò tíì rí ọpọlọ tó mú bíi tiwọn. Àbùkù kan ṣoṣo ni wọ́n ní, freeway ń bà wọ́n lẹ́rù bí ejò. Ìdí nìyẹn tí èmi Làdíátù, tí mo ní daycare tèmi tí mò ń bójú tó, fi di awakọ̀ wọn láìgbowó oṣù.

"Alhaji, ẹ jẹ́ kó yé mi," ni Bùrọ̀dá wí. "Kòkòrò wo?"

Alhaji ṣàlàyé. Kòkòrò kan wà tí ojú lásán ò lè rí, inú ikùn ènìyàn ló ń gbé. Òun ló ń fa ọ̀pọ̀ nínú ọgbẹ́ inú tí àwa ń pè ní ọ́lsà, tí gbogbo wa ti ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru ata láti ọjọ́ pípẹ́. Nusaiba ń kàwé oyè ọ̀mọ̀wé ní láàbù kan nítòsí Third Ward, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti wá ewé tàbí egbò tó lè kápá kòkòrò náà. Egbò orín àtà ló mú, pákò tó máa ń ta ènìyàn lẹ́nu yẹn. Yóò tọ́ kòkòrò náà sínú àwo oníke pẹlẹbẹ, yóò kán omi orín àtà sí àárín rẹ̀, yóò sì gbé e sínú àpótí ìgbóná kan kó lè hù. Bí egbò náà bá lágbára, kòkòrò ò ní lè hù yí i ká, ibẹ̀ á mọ́ rekete bí òrùka.

Ó ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan ṣáájú Iléyá, òrùka náà sì yọ dáadáa. Ọ̀gá rẹ̀, Prófẹ́sọ̀ Harlan, ní kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe lẹ́yìn Iléyá, ó sì ya àwọn àwo kan sọ́tọ̀ tí kò kán nǹkan kan sí, kí wọ́n lè rí bí kòkòrò ṣe ń hù nígbà tí oògùn ò sí. Gbogbo wọn ló mọ́ nini. Ni ọ̀gá bá ní ẹnì kan ti fẹ́ po oògùn apakòkòrò mọ́ àwo orín àtà kó lè dà bí akíkanjú, ọwọ́ onítọ̀hún wá ṣì, ó kan gbogbo àwo. Ta ló sì máa jàǹfààní rẹ̀ bí kò ṣe Nusaiba?

"Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀," ni Alhaji wí. "Bí wọ́n bá lé e pé onímàgòmágó ni, kò sí láàbù tó máa gbà á mọ́ láyé. Ọ̀tá ló ṣe é. Jordan ọmọ Olúgbénga ni. Ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni tábìlì wọn wà, ó sì ń jowú rẹ̀. Bá mi mú un."

"Màá bá yín wá ẹni tó pa kòkòrò," ni Bùrọ̀dá dáhùn. "Ẹ jẹ́ ká fi orúkọ sílẹ̀ ná."

Nusaiba ti ń dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà láàbù, ojú rẹ̀ wú lábẹ́ ìbòrí funfun. Ó kúnlẹ̀ kí wa.

"Uncle, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí mi di ẹ̀bi ru ẹnikẹ́ni. Tó bá jẹ́ èmi ni mo ṣe mistake, ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo kàn fẹ́ mọ òótọ́ ni."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo rọra sọ fún Bùrọ̀dá pé ẹni tó jẹ̀bi kì í sọ̀rọ̀ báyẹn. Wọ́n ní, "Olè kan sọ ọ́ fún mi bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ rí n'Íbàdàn." Bí wọ́n ṣe máa ń ba adùn jẹ́ mọ́ ènìyàn lẹ́nu nìyẹn.

Ó kó àwọn àwo náà síwájú wa. Ohun tó wà nínú wọn pupa, ó sì ń dán bí ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dì. Téèpù tí Nusaiba fi dì wọ́n, tó sì fọwọ́ sí, ò tíì já. Bùrọ̀dá gbé ọ̀kan sókè síhà wíńdò, wọ́n yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún títí. Ni Jordan bá wọlé, ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan tí wọ́n bí sí Houston níbí.

"Ẹ káàárọ̀ sà," ó fi ahọ́n Amẹ́ríkà lọ́ ọ lọ́rùn. "Mo swear, Uncle, mi ò touch anything."

"Mi ò tíì bi ọ́. Ṣé ìwọ lo ṣí àpótí ìgbóná náà kẹ́yìn?"

"Yes sir. On Sunday. Mo check plates tèmi, mo put wọn back, mo close ẹ̀."

"Inú àpótí kan náà ni tìẹ àti tirẹ̀ wà?"

"Same shelf, sir."

"Kòkòrò tìẹ ńkọ́? Ṣé ó kú?"

Jordan gbójú sílẹ̀. "No sir. Tèmi wà fine. That's why everybody's looking at me."

Bùrọ̀dá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Ohun tó yọ ọ́ gan-an nìyẹn. Nusaiba, kí ni kòkòrò yìí kórìíra jù?"

"Air, Uncle. Tí atẹ́gùn bá pọ̀ fún un, ó máa kú."

"Ó dáa. Bí ẹnì kan bá ṣílẹ̀kùn àpótí sílẹ̀, ti Jordan náà á kú. Bí iná bá lọ, ti Jordan náà á kú. Bí ẹnì kan bá kán májèlé sínú tìẹ, téèpù rẹ á já, a ó sì rí ibi tó kán sí. Àwo yìí mọ́ láti etí dé etí. Ikú ti wà nínú rẹ̀ kí kòkòrò tó débẹ̀. Kí lẹ fi ń ṣe é?"

"Agar, ó dà bíi jelly. Àti ẹ̀jẹ̀ àgùntàn, torí kòkòrò yẹn fẹ́ràn ẹ̀jẹ̀. Uncle Basit, technician wa, ló máa ń pò ó fún gbogbo wa. Company kan ló ń fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ nínú ice."

"But the last one came hot," ni Jordan wí. "Ice ti yọ́ pátápátá. Prof said dump it, èmi ni mo jù ú sí trash, the day before Iléyá. Plates tèmi, old blood ni wọ́n fi ṣe é."

"Ìgbà wo ni Basit po ti Nusaiba?"

"The day after Iléyá, sir."

"Ṣé ẹ̀jẹ̀ mìíràn ti dé nígbà yẹn?"

"No sir. It's coming on Monday."

Bùrọ̀dá gbé àwo pupa náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ilé iṣẹ́ wà ní ààtàn, ẹ̀jẹ̀ ta ló wà níbí?"

A ò tíì jókòó tán nínú mọ́tò tí mo fi figbe ta. Mo ti rántí. Lọ́jọ́ Iléyá, ní oko tó wà lẹ́yìn Missouri City tí a ti ń pa àgbò wa, èmi àti ọ̀rẹ́ mi, Ìyá Nafisat, rí Basit tó kúnlẹ̀ tó ń fi ìgò gbe ẹ̀jẹ̀. Ó ń mi ìgò náà jìgìjìgì, ó sì sáré lọ gbé e pamọ́ sí búùtù mọ́tò rẹ̀. Ìyá Nafisat já mi léèékánná, a sá kúrò níbẹ̀, a ń tọrọ ààbò Ọlọ́run.

"Làdíátù! O rí irú èyí, o ò sọ fún mi?"

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n yé ṣòfófó."

Wọ́n nawọ́ síwájú, wọ́n ní kí n máa wà á lọ sílé Basit. Lójú ẹsẹ̀ tó rí wa ni ìyàwó rẹ̀, Ramlat, gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò wá. Basit alára ò lè gbé tirẹ̀ mu.

"Basit," ni Bùrọ̀dá wí, "mo mọ̀ pé o ò ṣe oògùn owó. Ẹni tó fẹ́ ṣoògùn owó kì í gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí yunifásítì."

Omi lé ròrò sójú ọkùnrin náà. "Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ ran ọmọ yẹn lọ́wọ́ ni. Kòkòrò rẹ̀ ti tó lò, tí a bá pẹ́, ó máa bàjẹ́. Mo wò ó pé ẹ̀jẹ̀ àgùntàn náà ni company ń tà fún wa. Mo fi ìlẹ̀kẹ̀ dígí sínú ìgò kó má baà dì, mo sì ṣe é ní mímọ́ tónítóní."

"Kí ló dé tó o fi dákẹ́ nígbà tí wọ́n ń fẹ̀sùn kàn án?"

"Tí mo bá sọ fún Prof, iṣẹ́ mi lọ nìyẹn. Tí àwọn ará mọ́sálásí bá sì gbọ́ pé mo ń gbe ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ Iléyá, ta ló máa fẹ́ jẹun nílé mi mọ́? Ṣé wọ́n á jẹ́ kí ọmọ wọn bá tèmi ṣeré?"

Ojú tì mí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo kápẹ́ẹ̀tì wọn bí ẹni tó fẹ́ rà á.

"Ṣé ẹ̀jẹ̀ náà ṣẹ́kù?"

"Mo ti dà á nù. Ẹ̀rù bà mí."

"Àgbò ta ni?"

"Ti Alhaji Abdulkabir. Èmi ni mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Àmọ́, Ẹ̀gbọ́n, ohun tí ò yé mi nìyí: ẹ̀jẹ̀ àgùntàn ò lè pa kòkòrò yẹn. Ẹ̀jẹ̀ yẹn gan-an ni oúnjẹ rẹ̀!"

Nígbà tí a jáde, mo ní ṣebí ẹjọ́ ti parí, a ti rí ẹlẹ́ṣẹ̀. Bùrọ̀dá mirí. "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Basit gbé ẹ̀jẹ̀ wá. Kò gbé ikú wá."

Ojú ọ̀nà Bissonnet la gbà padà, torí freeway. Lójijì ni Bùrọ̀dá bi mí léèrè pé ẹran tí Alhaji fún wọn dà.

"Ọrùn tí wọ́n fún yín? Ó wà ní freezer. Ẹ̀gbọ́n mi ò tíì sè é."

"Alhamdulillahi. Èmi ni mo bó awọ àgbò yẹn, Làdíátù. Mo rí ibì kan tó wú lọ́rùn rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ dì síbẹ̀ lábẹ́ awọ. Mo rò pé ẹ̀gún ló gún un. Ṣé o rántí ọjọ́ tí Alhaji mú wa lọ wò ó kí Iléyá tó dé? Kí ni àgbò yẹn ń ṣe?"

"Ó ń wúkọ́," ni mo dáhùn. "Ikun ń dà nímú rẹ̀. Àmọ́ nígbà tó fi máa di ọjọ́ Iléyá, ara rẹ̀ ti ń dán yinrin."

"Ẹran aláìsàn ò ṣeé pa fún Iléyá. Ó gbọ́dọ̀ pé, kí ara rẹ̀ sì dá. Alhaji ni alága ìgbìmọ̀ mọ́sálásí wa, wọ́n ti pariwo fún gbogbo ayé pé kò sí àgbò tó tó tiwọn. Àgbò wá ń wúkọ́. Bó bá jẹ́ ìwọ, kí lo máa ṣe?"

"Màá gún un lábẹ́rẹ́."

"Abẹ́rẹ́ apakòkòrò. Ó pa kòkòrò inú àyà àgbò, ó ṣẹ́kù sínú ẹ̀jẹ̀, Basit gbe ẹ̀jẹ̀ náà, ó pò ó mọ́ oúnjẹ kòkòrò Nusaiba. Ẹni tó ní ká wá ọ̀tá lọ ni ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀, òun fúnra rẹ̀ ò sì mọ̀."

Díẹ̀ ló kù kí n gbá ọkọ̀ tó wà níwájú. Mo ti ń bá ọkùnrin yìí rìn láti ọjọ́ tí mo ti dé Amẹ́ríkà, síbẹ̀ ó ṣì ń yà mí lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló wà níbẹ̀ tí wọ́n ń bó àgbò náà, ẹran ni gbogbo wa rí.

Ilé Alhaji ní Missouri City tóbi, ó sì tutù. Wọ́n gbà wá tẹ̀rín-tọ̀yàyà títí Bùrọ̀dá fi dárúkọ àgbò.

"Àgbò mi? Wúkọ́? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Alhaji, ẹ̀yin lẹ ní kí n wá ẹni tó pa kòkòrò."

"Ọ̀tá ọmọ mi ni mo ní kó o wá!"

"Kò ní ọ̀tá, sà."

Alhaji dìde. "Àgbò mi pé, ara rẹ̀ dá, gbogbo ayé ló rí i. Saraa mi lẹ fẹ́ bà jẹ́ yẹn o. Ẹ máa lọ."

Bùrọ̀dá wọ bàtà wọn, wọn ò kánjú. "Mo lè fi hàn pé oògùn wà nínú ẹran, sà. Bó ṣe débẹ̀, ẹni tó ni ẹran nìkan ló lè sọ ọ́. Ọjọ́ Ẹtì ni ìjókòó náà, lẹ́yìn Jímọ̀."

Inú bí mi. Mo ní kí ló dé tí a ò kúkú sọ fún Nusaiba, kó tú àṣírí bàbá rẹ̀ fún Prófẹ́sọ̀ kó sì gba ara rẹ̀ là? Wọ́n ní, "Kó gba orúkọ tirẹ̀, kó ta ti bàbá rẹ̀? Kì í ṣe ẹnu mi ló yẹ kó ti gbọ́ ọ."

Lọ́jọ́ Ajé, ẹ̀jẹ̀ tuntun dé láti ilé iṣẹ́. Basit po àwo mìíràn lójú Jordan, kí ẹlẹ́rìí lè wà. Wọ́n fi omi lásán síbì kan, wọ́n fi orín àtà síbì kejì. Bùrọ̀dá gbé omi tí wọ́n sẹ́ lára ẹran ọrùn àgbò Alhaji wá, wọ́n kàn ní "ẹran Iléyá kan" ni. Nusaiba wò ó, ó ronú.

"Uncle, tó bá jẹ́ pé omi ẹran lásán náà lè pa kòkòrò ńkọ́? A nílò ẹran àgbò mìíràn tí a máa fi wé e."

Mo sáré lọ gbé ti ọkọ mi wá láti ilé. Orúkọ ọmọ yìí ló fẹ́ bàjẹ́, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ tó láti wá ohun tó lè já òun alára nírọ́. Ọlọ́run ló mọ̀, mo yìn ín, mo sì fẹ́ kí ọmọbìnrin tèmi jọ ọ́.

Ọjọ́ Ẹtì pé. Prófẹ́sọ̀ Harlan jókòó pẹ̀lú àwọn olùkọ́ méjì. Ọkùnrin sísanra ni, kò burú, àmọ́ kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́. Basit ló kọ́kọ́ dìde. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn náà ni Nusaiba gbé àwọn àwo jáde.

Kòkòrò ti hù fọ́fọ́ yí omi lásán ká. Ó hù yí omi ẹran àgbò ọkọ mi ká. Ó sá fún omi ẹran ọrùn yẹn, òrùka tó mọ́ sì yí i po. Ó sá fún orín àtà náà. Prófẹ́sọ̀ gbé àwo sókè síná, ó súfèé.

Ó wá gbé e kalẹ̀. Ó ní òun rí òrùka, àmọ́ ẹran ti wá láti freezer ẹnì kan tí òun ò mọ̀. Ta ló ni ẹran náà? Kí ló wọ inú rẹ̀? Bí kò bá sí ẹni tó lè dáhùn, ẹnikẹ́ni lè gún ẹran lábẹ́rẹ́ lánàá kó sì gbé e wá síbí láti gba Nusaiba sílẹ̀.

Mo yanu láti sọ̀rọ̀. Bùrọ̀dá tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń wò. Ẹnikẹ́ni ò wọlé. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ náà wo aago, Nusaiba sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn àwo rẹ̀ jọ, ọ̀kan lé èkejì, bí ẹni tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́.

Nígbà náà ni ilẹ̀kùn ṣí. Alhaji Abdulkabir wọlé pẹ̀lú jàlàbíà funfun tí wọ́n wọ̀ lọ kírun, ìgò oògùn abẹ́rẹ́ kékeré kan wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n gbé e síwájú Prófẹ́sọ̀.

"The ram is mine," ni wọ́n wí. "It was sick. I gave it this." Wọ́n yíjú sí ọmọ wọn. "Nusaiba, èmi ni mo pa kòkòrò rẹ. Mo gún àgbò lábẹ́rẹ́ kí ojú má baà tì mí. Má bínú sí mi."

"Daddy, ẹ má sọ̀rọ̀ sókè bẹ́ẹ̀," ni Nusaiba wí, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. "Àwọn èèyàn ń gbọ́ yín níta."

"Jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Mo ti sọ ọ́ ní mọ́sálásí kí n tó wá. Lọ́jọ́ Iléyá, mo pariwo pé tèmi ni àgbò tó tóbi jù. Kò yẹ kí n wá máa sọ ti òní wúyẹ́wúyẹ́."

Prófẹ́sọ̀ ka ohun tó wà lára ìgò náà, ó dìde, ó bọ Nusaiba lọ́wọ́, ó sì tọrọ àforíjì. Ó bá Basit wí gidi, àmọ́ kò lé e. Bùrọ̀dá Ùsáínì ti ń rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà, bí ẹni pé wọn ò ṣe nǹkan kan.

Alhaji ò tíì fẹ́ lọ. Wọ́n tẹ̀ ba síwájú àwo náà.

"Ṣé èyí ni ti àgbò mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Daddy."

"Èyí wá ni ti orín àtà rẹ?"

"Òun ni. Àmọ́ inú àwo lásán la wà yìí o, kì í ṣe inú ikùn èèyàn. Ó ṣì kù púpọ̀ ká tó mọ̀."

"Èwo ló tóbi jù nínú méjèèjì?"

Nusaiba mú rúlà, ó wọn ọ̀kan, ó wọn èkejì. Ó tún ti àkọ́kọ́ wọ̀n, kó lè dá a lójú. "Ti orín àtà ni, Daddy."

Alhaji nàró. Ohùn tí wọ́n fi ń pariwo àgbò náà ni wọ́n fi sọ̀rọ̀, gbogbo ilé ẹ̀kọ́ yẹn ló gbọ́.

"Alhamdulillahi! Ọmọ mi jù mí lọ!"